Ẹni Tó Parí Oríkì Mi

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. Mo wà ní ilé ìdáná bàbá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ní Peckham. Bàbá ti jẹun tán, wọ́n ń tòògbé níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo sì ń dúró kí omi tíì hó. Mo mú fóònù mi láti wo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa fíìmù mi tuntun, èyí tí mo gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹnì kan ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Ẹnì kan ní ìyá inú fíìmù náà jọ ìyá òun débi pé òun sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹlòmíràn ń bínú, ó ní kí ló dé tí ọmọ náà kò fẹ́ ọ̀gbẹ́ni tó ní mọ́tò. Mò ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kan èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kò sí orúkọ, kò sí àwòrán. Ohun tí ó kọ kò ju ìlà kan lọ:

"Ọmọ tí wọ́n bí sọ́nà oko, tí wọ́n fi ìborùn ìyá àgbà gbé wálé."

Omi hó, kẹ́tù pa ara rẹ̀. Bàbá pè mí láti pálọ̀ pé tíì dà, mo tún ìlà náà kà.

Nínú fíìmù náà, ìyá kan ń jí ọmọ rẹ̀ lówùúrọ̀, ó sì ń kì í. Oríkì tí ó fi ń kì í, oríkì ilé baba mi ni. Ṣùgbọ́n ìlà tí ẹni yìí kọ kò sí nínú fíìmù. Èmi ni mo yọ ọ́. Kì í ṣe ti gbogbo ilé wa, tèmi nìkan ni. Ìyá àgbà mi ló fi ẹnu ara wọn fi kún un, nítorí ibi tí wọ́n bí mi sí àti bí wọ́n ṣe gbé mi wálé. Ìyá àgbà ti kú. Ìyá mi, tí wọ́n máa ń fi jí mi, ti kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tí mo ti ń sá fún láti ọdún mọ́kànlá.

Ọkọ mi ni. Ìlú kan ní òkè àríwá ni a jọ ń gbé, ibi tó jìnnà sí London dáadáa. N kò ní kọ gbogbo ohun tó ṣe sílẹ̀. Ọrùn ọwọ́ mi òsì kò yí dé ibi tó yẹ kó yí dé títí di òní, ìyẹn tó. Ohun tí mo gbọ́dọ̀ sọ ni pé bí ó bá ti lù mí, tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò jókòó sí etí ibùsùn, yóò sì máa kì mí. Ẹnu ìyá mi ló ti kọ́ oríkì náà ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó wa, inú ìyá mi sì dùn nígbà náà pé ọmọ òun rí ọkọ tó mọ iyì ẹni. Yóò kì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, jẹ́jẹ́. Tí ó bá dé ìlà ìkẹyìn yìí, yóò dúró. Kò ní dìde kúrò níbẹ̀ àfi tí mo bá jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ìlà yẹn lójú fóònù, n kò bi ara mi pé ta nìyí. Mo mọ ẹni tó ń dúró kí n dáhùn.

Ọjọ́ kan tí ó lọ síbi iṣẹ́ ni mo kúrò nílé, tèmi ti báàgì kan. Mo kọ́kọ́ gbé nílé ààbò tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin bíi tèmi sí, lẹ́yìn náà ni kánsù fún mi ní yàrá méjì ní Peckham, lára àwọn ilé tí wọ́n kọ́ síbi tí wọ́n ti wó àwọn ilé ńláńlá àtijọ́. Mo yí orúkọ mi padà. N kì í ya fọ́tò. Bí wọ́n bá ti ń ya fídíò nílé ìjọsìn, èmi ni mo máa ń rántí pé mo gbé nǹkan sórí iná.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ló gbé mi dé ìdí fíìmù. Ní New Cross, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn fún fíìmù, lọ́fẹ̀ẹ́, ní àràárọ̀ Sátidé. Olùkọ́ ní kí kálukú kọ ohun tí ó mọ̀. Èmi kọ ohun tí n kò mọ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo kọ nípa tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì jọ ń lo sítóòfù kan. Mo kọ nípa awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń purọ́ fún àwọn ará ilé pé dókítà lòun. Bí mo bá kọ ọ́ tán, màá tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, kí n lè yọ ohunkóhun tó bá jọ ayé tèmi kúrò níbẹ̀. Orúkọ tó wà ní ìparí fíìmù kì í ṣe èyí tí baba mi sọ mí. Láàárín ọdún mẹ́fà, mo ṣe fíìmù kéékèèké méje báyìí. Àwọn ará ìjọ wa, àwa aláṣọ funfun, ni òṣèré mi. Ọjọ́ Ajé ni a sábà máa ń ya fíìmù, nígbà tí gbọ̀ngàn ìjọ bá ṣófo.

Ẹni tó mọ eré ṣe jù nínú wọn ni ìyá kan tí gbogbo ìjọ ń pè ní Mummy. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí a ṣe ń ṣe eré nílé ni wọ́n mọ̀: kí o sọ ìtàn fún wọn, kí o jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn wá ọ̀rọ̀ sí i. Nítorí náà, nígbà tí mo dé ibi ìyá àti ọmọ nínú ìwé, ohun tí mo kọ síbẹ̀ kò ju "Ìyá ki ọmọ rẹ̀" lọ. Mo gbà pé Mummy yóò lo tiwọn.

"Oríkì wo?" ni Mummy wí lọ́jọ́ tí a fẹ́ yà á.

"Tiyín, Mummy. Èyí tí ẹ bá mọ̀."

"Tèmi kẹ̀? Kí n wá fi oríkì ilé baba mi ki ọmọ tí n kò mọ baba rẹ̀? Ará ibo ni baba ọmọ yìí?"

"Mummy, fíìmù mà ni."

"Fíìmù ni, kí àwọn ará ìlú mi wá máa wò mí pé mo ti ń pín oríkì kiri bí ìwé ìpolongo? Rárá o. Wá ti ọmọ náà fún mi."

Ọmọbìnrin tó ń ṣe ọmọ wọn wà lórí ibùsùn, ó fi aṣọ borí. Irun ló ń ṣe fún àwọn ènìyàn, London ni wọ́n bí i sí. Ó la ojú kan. "Aunty, please, mo ní customer ní two o'clock. Any oríkì, I swear down, it's fine."

"Ìwọ dákẹ́," ni Mummy wí. "O ṣì ń sùn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì la ẹnu mi, mo fún wọn ní èyí tó wà níbẹ̀. Òun nìkan ni mo mọ̀ láti òpin dé òpin. Kò gba Mummy ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi mú un. Nígbà tí mo dé ìlà ìkẹyìn, mo pa ẹnu dé. Mo sọ fún ara mi pé ilé wa tóbi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń jẹ́ oríkì yẹn nílé àti lẹ́yìn odi, kò sí ẹni tó lè tipa ìyẹn dá mi mọ̀. Mo rò pé mo ti ṣọ́ra. N kò rò ó pé ẹni tó ti gbọ́ ọ tán nígbà gbogbo yóò gbọ́ ibi tí ó gé.

Àṣìṣe kejì ni pé ilé mi gan-an ni a ti yà á. Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó lọ sí shift, a kò sì fẹ́ kí ọjọ́ náà ṣòfò. Nínú fíìmù, Mummy sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé mi, ojú fèrèsé sì fi afárá ọkọ̀ ojú irin àti ẹ̀yìn ọjà hàn. Ẹni tó bá mọ Peckham díẹ̀ lè rìn dé ẹnu ọ̀nà mi.

Ní ilé ìdáná bàbá yẹn, mo yọ fíìmù náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gbé tíì fún bàbá, mo bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ìjọ ti fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wọn láti fóònù dé fóònù, n kò lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N kò padà sílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ Mummy ni mo gbà lọ.

Wọ́n ń lọ sùtánà wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ní Peckham. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"O wá jẹ́ kí n máa fi ẹnu mi pè é wá bá ọ."

"Mummy, ẹ má bínú."

"Ti ọmọ yẹn ni mo ní kí o wá. Mi ò ní kí o mú tìrẹ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Níbo lo máa sùn?"

"Ilé mi."

"Irọ́ lo pa. Ibí lo máa sùn."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Obìnrin kan ló jókòó tì mí, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó tèmi. Mo fi ọ̀rọ̀ náà hàn án, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

"Ó dùn ún gbọ́," ni ó wí. "Ṣé ó halẹ̀ mọ́ yín níbòmíràn?"

"Rárá. Èyí nìkan ni."

"Ṣùgbọ́n ìyìn ni, àbí?"

"Ìyìn ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́, mo gbọ́ bí ó ṣe rí létí ara mi. Mo ti fẹ́ dìde. Mo rò pé bóyá ọpọlọ mi ló ti dàrú, pé èmi àgbàlagbà wá fi ẹnikẹ́ni tó kì mí sun ọlọ́pàá. Obìnrin náà kò jẹ́ kí n dìde. Ó ní, "Ta ló tún mọ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú. Òun nìkan ló kù."

Ó fi bírò kọ ìyẹn sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí. Ó wá bi mí pé kí ló ṣe ọwọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń pè mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ mi dé ilé ìjọsìn wa, bóyá ẹnì kan tí fíìmù náà dé ọwọ́ rẹ̀ ló júwe ibẹ̀ fún un. N kò sí níbẹ̀, mo ti dáwọ́ lílọ dúró. Mummy ló sọ fún mi. Ní ìjọ wa, bí àlejò bá wá fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n á ní kó dìde kí gbogbo ìjọ kí i káàbọ̀. Ó dìde, ó múra dáadáa, ó ní ìyá inú fíìmù lòun wá kí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá Mummy, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mummy, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi ki ìyàwó mi."

"Ìyàwó wo?"

"Ẹni tí ẹ kì nínú fíìmù."

"Ọmọ mi ni mo kì nínú fíìmù. Ṣé ìwọ lo fẹ́ ọmọ mi ni? Mi ò mà rí ọ níbi ìdáná."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè ilé tó ní àtẹ̀gùn yẹn.

"Ilé fíìmù nìyẹn," ni Mummy wí. "Wọ́n ti tú u palẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jáde, ó sì dúró sí bọ́sítọ́ọ̀pù tó dojú kọ ilé ìjọsìn. Bọ́ọ̀sì ń dé, bọ́ọ̀sì ń lọ, kò wọ ọ̀kankan. Mummy ya fídíò rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìka wọn bo ìdajì kámẹ́rà. Kò sí ẹni tó ya àwòrán tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ẹgbẹ́ wa, òun sì ni adájọ́ wò tó fi fún mi ní ìwé àṣẹ pé ọkùnrin náà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ mi, kò sì gbọ́dọ̀ rán ọ̀rọ̀ sí mi lọ́nàkọnà. Wọ́n fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Wọ́n kó mi kúrò nílé mi lọ síbòmíràn tí n kò ní dárúkọ.

Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti yan fíìmù náà fún àfihàn kékeré kan ní Elephant and Castle, ní ọ̀sán Sátidé kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò fi iṣẹ́ mi hàn lójú aṣọ ńlá ti sinimá nìyẹn. Mo fẹ́ fà á padà. Mummy ni kò gbà.

"Ojú ta ló wà níbẹ̀? Mo ti sọ fún gbogbo ayé. Tí o kò bá lọ, èmi á lọ."

Mo bẹ àwọn tó ṣètò rẹ̀ kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára gbogbo ìwé. Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ, ni mo jókòó sí pẹ̀lú ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà. Ojú gíláàsì kan wà níbẹ̀, ẹ̀yìn orí àwọn ènìyàn nìkan ni mo ń rí. Bí iná ṣe ń kú, mo rí orí kan ní ìlà kẹrin. Ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn láti yàrá kejì. Mo ti rí orí yẹn láti ẹ̀yìn ní etí ibùsùn mi fún ọdún mẹ́sàn-án.

Fíìmù ń lọ. Mummy wọlé lójú aṣọ, wọ́n fọwọ́ kan èjìká ọmọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Wọ́n dé ibi tí mo gé e. Mo ti fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí mò ń to fíìmù náà pọ̀, nítorí ó dára bẹ́ẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ọkùnrin náà gbé ohùn sókè láti ìlà kẹrin, ó parí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn ènìyàn yíjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Lójú tiwọn, àgbà kan tó mọ àṣà ni.

Ẹnu mi là. Ọdún mọ́kànlá, ẹnu mi sì là láti jẹ́ ẹ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo fi fóònù hàn án, mo ní kó bá mi tẹ nọ́ńbà obìnrin ọlọ́pàá tó wà lókè, torí ọwọ́ mi kejì ṣì wà lẹ́nu mi.

Ọlọ́pàá méjì dé kí fíìmù tó parí. Ó bá wọn lọ ní ìrọ̀rùn, ó ń sọ pé òun kàn wá wo fíìmù ni. Nígbà tí iná tàn, ẹnì kan béèrè pé olùdarí fíìmù dà. Mo gbọ́ Mummy lórí gbohùngbohùn: "Ó wà níbi iṣẹ́. Ohun tí ẹ bá fẹ́ bi í, ẹ bi èmi."

Wọ́n tú báàgì rẹ̀. Àwòrán mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀ tí ó yọ láti inú fíìmù mi, tí ó tẹ̀ sórí ìwé. Mummy kò sí nínú ọ̀kankan. Àtẹ̀gùn ni, fèrèsé ni, afárá ni, nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn ni. Ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà rẹ̀ ní kò sí òfin tó ní kí ènìyàn má ki ìyàwó rẹ̀. Wọ́n bi ògbufọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ìhàlẹ̀. Ọkùnrin Yorùbá ni, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó ní òun kàn ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n to àwòrán mẹ́tàlá náà sórí tábìlì ni lọ́yà jókòó. Wọ́n ní ó ti rú òfin kọ́ọ̀tù, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n.

Àwọn ènìyàn rò pé mo sinmi nígbà náà. Ẹ̀wọ̀n ní òpin, èmi sì mọ ọjọ́ rẹ̀. N kò kọ ohunkóhun fún ọdún méjì. Bí mo bá kọ gbólóhùn kan, màá bi ara mi pé kí ni yóò rí nínú rẹ̀. Màá pa orúkọ àdúgbò rẹ́. Màá pa àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ́, màá pa irú ọbẹ̀ tí wọ́n sè rẹ́, títí ìwé yóò fi ṣófo. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sọ̀rọ̀ ní New Cross, mo ní ara mi kò yá. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé, nítorí kì í ṣe ọmọ ìlú yìí, wọn yóò dá a padà sílé bí ẹ̀wọ̀n bá parí. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó tún pe òmíràn. Ní gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, màá kọ́kọ́ wo ẹni tó ń pè kí n tó gbé e.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń ti ilé obìnrin kan tí mò ń tọ́jú ní New Cross bọ̀, nígbà tí obìnrin ọlọ́pàá yẹn pè. Ó ní, "Ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí Èkó."

"Ṣé òun ló wà nínú rẹ̀?"

"Òun ni. Ìwé rẹ̀ wà níwájú mi."

"Tí ó bá gba ọ̀nà mìíràn wá ńkọ́?"

"Wọn kò ní gbà á wọlé."

Mo tún un bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un sọ láìbínú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn ń yà fún mi kọjá, mo sì pe Mummy. Mo sọ fún wọn pé ó ti dé Èkó, pé ó ti parí. Mo rò pé wọn yóò kígbe halelúyà. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fun imú.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, Mummy."

"Máa bọ̀."

Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Peckham dé. Mo gun òkè rẹ̀. Fún ọdún méjì, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà nísàlẹ̀ ni mo máa ń dúró sí kí n lè tètè bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àga iwájú lókè ṣófo, níbi tí gíláàsì ti tóbi jù, tí ẹni tó wà ní títì lè gbójú sókè kó rí ọ. Mo jókòó síbẹ̀.